Mọ́tọ̀ iná olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó wọ́n: èwo ló máa ná yín lówó jù?

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tọ̀ iná tí á máa yí pọ́ǹpù tàbí fáànù nílé iṣẹ́, iye tí wọ́n ń tà á ló kọ́kọ́ ń béèrè, ó sì yé mi, torí owó yẹn ló ń jáde lápò lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ mọ́tọ̀ ò dà bíi tábìlì téèyàn rà tán tó gbé sílẹ̀ o, ojoojúmọ́ ló ń jẹun, iná sì ni oúnjẹ ẹ̀. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, láàárín oṣù mélòó kan owó iná tó jẹ ti lè ju iye tí ẹ fi rà á lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tọ̀ kìlówáàtì 11, oní-pole mẹ́rin (iye pole wà lára ohun tó ń pinnu bó ṣe máa sáré tó), tó ń lo iná 50 Hz. Lára páànù kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ẹ máa rí IE1, IE2, IE3 tàbí IE4, ìyẹn àmì tó ń sọ bí kì í ṣe fi iná ṣòfò tó; bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe dáa tó. IE1, 87.6% iná tó bá gbà ló ń sọ di iṣẹ́, ìyókù ń di ooru. IE3 jẹ́ 91.4%, IE4 jẹ́ 93.3%. Ẹ lè ní kí ni ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tí ò pé, tí IE3 fi ju IE1 lọ yẹn, fẹ́ ṣe, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: tó bá ń gbé ẹrù ẹ̀ ní kíkún fún wákàtí 6,000 lọ́dún, IE1 máa jẹ nǹkan bíi yúníìtì 75,300, IE3 á jẹ 72,200. Tó bá fi máa di ọdún 15, ìyàtọ̀ ẹ̀ ti sún mọ́ yúníìtì 47,000. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá padà wo owó tí IE3 fi ju IE1 lọ.

Tó bá jẹ́ wákàtí 500 péré ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dún ńkọ́? Ìyàtọ̀ ò ju nǹkan bíi yúníìtì 260 lọ, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ náwó kún owó. IE4 ní tiẹ̀, èyí tí kì í sinmi ni mo máa rà á fún.

Ohun kan rèé tí àwọn tó ń tà kì í sábà sọ: IE3 máa ń sáré díẹ̀ ju IE1 lọ, fáànù tó bá sì sáré sí i á jẹ iná sí i, kó má lọ jẹ èrè yín tán. Ẹ fi iye ìyípo tó wà lára páànù àwọn méjèèjì wéra.

Àlòkù tí wọ́n ti tún wáyà ẹ̀ wé ló ń wọ èèyàn lójú jù. Mi ò bú u o, tó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ ló ṣe é, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun. Bí wọ́n ṣe ń yọ wáyà àtijọ́ ni wàhálà ibẹ̀, àwọn kan á kàn sun ún níná kó lè tètè jáde, bẹ́ẹ̀ irin inú ẹ̀ kì í ṣe odindi, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n tò ó, nǹkan fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi kùn wọ́n ni ò jẹ́ kí iná máa gba ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Tí ìyẹn bá ti jóná, mọ́tọ̀ á máa yí, àmọ́ á máa gbóná lásán. Mo ti gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé irú ẹ̀ rí, kíá ni mo gbé e kúrò, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì so pọ́ǹpù mọ́ ọn rárá! Ó dùn mí, torí ẹni tó rà á rò pé òun jèrè ni. Ooru yẹn náà ló ń pa wáyà, tó bá fi nǹkan bíi 10°C kọjá ibi tí wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ ayé ẹ̀ á já sí ìdajì. Ẹ ní kí wọ́n tàn án níṣojú yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wọn ámpù wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ọ̀kan bá yàtọ̀ gan-an tí iná ibẹ̀ sì dọ́gba, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má ra èyí tó tóbi ju iṣẹ́ lọ o, mọ́tọ̀ tí ò gbé tó ìdajì ẹrù ẹ̀ ń fi iná ṣòfò. Tó bá sì jẹ́ fáànù tàbí pọ́ǹpù tí kì í fi gbogbo ìgbà sáré ní kíkún, VFD, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín eré mọ́tọ̀ kù, lè ṣe yín lóore ju IE4 lọ, torí fáànù tí eré ẹ̀ bá wálẹ̀ sí 80%, bí ìdajì agbára tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa nílò. Àmọ́ kẹ́ ẹ béèrè bóyá mọ́tọ̀ yẹn gba VFD kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ó lè mú kí iná máa gba inú bẹ́rìn (ohun tí ọ̀pá mọ́tọ̀ ń yí nínú ẹ̀) kọjá, á sì tètè jẹ ẹ́.