Mo sanwó kí ẹja mi má tíì wálé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi bi mí kó tó gbà pé etí òun ò di. Mo ti ra ẹja mẹ́ta, mo ti sanwó wọn pé, wọ́n sì ti ń bọ̀ lọ́nà láti Èkó. Mo wá tún fẹ́ san ₦15,000 lórí ẹja kọ̀ọ̀kan kí ọmọkùnrin kan ní Tanke lè bá mi fi wọ́n pamọ́ fún odidi ọjọ́ 30. "Ṣé ara wọn ò yá ni?" Mo ní ẹni tó tà wọ́n ní ara wọn le koko. "Ṣé kò sáyè ní ṣọ́ọ̀bù ni?" Mo ní àyè wà. Ó wò mí títí, ó ní "Ó dáa," ó bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo gbé ẹja mi sí yìí, níbi tí wọ́n ti ń ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ kó má baà kó àrùn wọlé, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àtèyí tó dùn mọ́ mi àtèyí tó bí mi nínú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Gíláàsì mẹ́rin péré ló ní fún iṣẹ́ yìí, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má kó èrò wá bá òun. Àwa tá à ń sin ẹja omi iyọ̀ n'Ílọrin ò pọ̀, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ti mọ ẹni tí mò ń wí.

Apòògùn ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Gáréèjì Ọ̀fà. Gíláàsì ẹja mi gba lítà 200, ẹ̀gbẹ́ káńtà ló wà, torí àwọn ọmọ tí wọ́n bá gbé wá gba abẹ́rẹ́ ni mo ṣe gbé e síbẹ̀. Ọmọ tó bá ń wo ẹja, abẹ́rẹ́ á ti wọlé á ti jáde kó tó rántí pé ó yẹ kí òun sunkún. Ìlọrin ò ní òkun. Garawa ni mo fi gbé òkun tèmi wá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ píọ̀ wọ́tà ni mo ti ń ra omi, èyí tí wọ́n ti sẹ́ tán tí wọn ò tíì rọ sí ọ̀rá, mo sì ń po iyọ̀ òkun mọ́ ọn, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Iyọ̀ òkun ni mo wí o, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin Tanke, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, mo ra damsel aláwọ̀ búlúù kan, ẹja kékeré tó rẹwà. Bó ṣe dé, mo fi ọ̀rá rẹ̀ lé ojú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì dà á mọ́ àwọn márùn-ún tó wà ńlẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo rí ohun funfun lára rẹ̀, wínníwínní bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kẹjọ, ara rẹ̀ ti mọ́ pátá. Mo ní Alihamudulilai. Mo tilẹ̀ sọ fún ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà pé ara ẹja ń wo ara rẹ̀ sàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló funfun bí ẹni yí wọn nínú gààrí, tí wọ́n ń mí gùlegùle nídìí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọ omi. Mi ò rí ọ̀kankan mú dúró nínú wọn.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó jókòó kàwé. Cryptocaryon irritans ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Ọjọ́ mẹ́ta sí méje ló máa ń lò lára ẹja, tí á máa jẹ ẹ́. Tó bá yó, á já bọ́ fúnra rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí yanrìn, á sé ara rẹ̀ mọ́nú èèpo, á sì máa pín ara rẹ̀ níbẹ̀ títí á fi di ọmọ tó lè tó 200. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló ń jáde wá ẹja kiri. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo ń dúpẹ́ pé ara ẹja mọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò ń bímọ nínú yanrìn mi.

Ojú tì mí ju bí owó ẹja ṣe dùn mí lọ. Láti àárọ̀ tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń tún sọ: "Ẹ lò ó tán o. Ara á yá yín lọ́jọ́ kejì, ẹ má dá a dúró." Wọ́n á dá a dúró. Wọ́n á padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mà á sì rojọ́. Èmi náà wá rí ara tó mọ́, mo ká ọwọ́ gbera.

Oògùn tó ń pa kòkòrò náà, bàbà ni, mi ò sì lè da bàbà sínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ìgbín òkun mẹ́rin àti edé kan níbẹ̀, bàbà á pa gbogbo wọn. Òkúta àti yanrìn pàápàá á máa fa oògùn náà mu, ẹni tó ń wọn ọ́n ò ní mọ iye tó kù. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí n fi gíláàsì náà sílẹ̀ láìsí ẹja rárá. Tí ọmọ kòkòrò bá jáde tí kò rí ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó kú nìyẹn; àmọ́ a máa ń rí èyí tó ń pẹ́ nínú èèpo rẹ̀ tó ọjọ́ 72. Mo wá ka ọjọ́ 76 sórí kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ oògùn tó wà lára ògiri, mo ń fi bírò pa á rẹ́ lójoojúmọ́.

Inú ọyẹ́ ló bọ́ sí. Omi ń gbẹ lójoojúmọ́, bíi ife méjì sí mẹ́ta, iyọ̀ ò sì bá omi fò lọ, omi lásán ni mo ń dà lé e. Àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n gbádùn. Ìyá àgbà kan tó máa ń wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹjú mọ́ gíláàsì, ó ní, "Àwọn ẹja yín ti rìnrìn àjò ni?" Mo ní wọ́n ti kú, mà. Ó wo iná, ó wo ẹ̀rọ tó ń ho omi, ó ní, "Ẹ sì ń tanná fún omi lásán!" Ọ̀pá ni wọ́n fi na ilẹ̀ jáde.

Ó dáa, Tanke. Ẹja àrọ̀ ni ọmọkùnrin náà ń sìn tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹja ló sì kọ́ ní yunifásítì. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ló fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Gíláàsì mẹ́rin, ìdí wọn lásán, kò sí yanrìn, kò sí òkúta, kò sí ẹwà kankan. Páìpù àwọn plọ́mbà, èyí tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ló jù síbẹ̀ kí ẹja lè rí ibi sá sí. Ṣe ló dà bíi wọ́ọ̀dù. Mo ní ṣé kò lè ra ìkòkò kéékèèké l'Ókèlele, kó tiẹ̀ dùn ún wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìkòkò á mu oògùn, mà. Ohun tí kò lè mu nǹkan kan ni mo fẹ́ níbẹ̀."

Kànìnkànìn tó wà ní kọ̀rọ̀ gíláàsì ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ wò dáadáa. Ó ti pọ́n, ó ń yọ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Gíláàsì tó ní ẹja tí ara wọn dá ló kọ́kọ́ jù ú sí fún oṣù kan gbáko, kí bakitéríà lè kún inú rẹ̀, torí àwọn ló ń jẹ amóníà tí ẹja ń tú sómi. Ẹni tó bá fi kànìnkànìn tuntun ya ẹja sọ́tọ̀, amóníà ni yóò pa ẹja náà, á sì máa sọ pé oògùn ló pa á.

Bó ṣe tú ẹja sílẹ̀ náà yà mí lẹ́nu. Mo rò pé á máa kán omi sí wọn díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Ó kọ̀. Ó ní ẹja ti mí sínú ọ̀rá yẹn láti Èkó, èémí wọn ti sọ omi náà di kíkan díẹ̀, kíkan yẹn ni kò jẹ́ kí amóníà inú rẹ̀ ṣe wọ́n léṣe. Tí a bá tú ọ̀rá, èémí á fẹ́ lọ, amóníà á yí padà di májèlé lójú ẹsẹ̀. Ó ti po omi tirẹ̀ kí iyọ̀ rẹ̀ bá ti inú ọ̀rá mu kí ẹja tó dé. Ó jẹ́ kí ọ̀rá lé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ìgbóná wọn bára mu, ó tú u, ó fi ife bu ẹja, ó da omi ọ̀rá nù síta.

Ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n jẹun ná. Edé tútù tó gé wẹ́wẹ́ ló ń fún wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ bàbà, díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kẹfà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń wọn ọ́n. Ó bu omi mílílítà 10 sínú ìgò kékeré kan, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀rọ kan tí kò ju ẹyin lọ, ó tẹ̀ ẹ́ kó ka òdo. Ó ya páálí kékeré kan, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú omi náà, ó mì ín. Omi yí sí elésè-àlùkò níṣojú mi. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. 2.38. Láàárín 2.25 sí 2.5 mílígíráàmù nínú lítà kan ni bàbà irú tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè. Ọkàn mi wá balẹ̀. Ẹni tó ń wọn oògùn ju ẹni tó ń fojú bù ú lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò kì í fún ẹni tí kò ṣàìsàn ní oògùn, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó ní àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní velvet, ibi tí ẹja fi ń mí ló ń kọ́kọ́ kọ lù, ẹja lè kú kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan lára rẹ̀, bàbà kan náà ló sì ń pa á. Kò tíì wọ̀ mí lákínyẹmí tán, ṣùgbọ́n mo gbà. Ti praziquantel ò tilẹ̀ fa àríyànjiyàn. Oògùn tí à ń fún àwọn ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ nítorí odò ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lò ó fún aràn ara ẹja, ó fi ọ̀sẹ̀ kan sí àárín.

Ó kan ẹ̀sùn mi báyìí. Ó ní ìwé kan tó ń kọ ohun tó bá wọn sí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún mo yà síbẹ̀, mo ṣí ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ṣófo. Ó lọ síbi ìgbéyàwó l'Ómù-Àrán, ó fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò fún ẹja lóúnjẹ dáadáa, ó tún pààrọ̀ omi, àmọ́ kò dá oògùn tó bá omi lọ padà. Nígbà tó wọn ọ́n níwájú mi, 1.94 ló kà. Mo bínú gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mà á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó fa ìlà pupa sínú ìwé, ó kọ "1" sí abẹ́ rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ẹlòmíràn á kọ nọ́ńbà tó wù ú sí àyè mẹ́ta yẹn kí n tó dé.

Ẹ̀sùn kejì ò tíì tán. Ẹja kẹta, firefish tí iwájú rẹ̀ funfun tí ìdí rẹ̀ pupa bí iná, fò jáde lóru. Fífò ni ìwà wọn, gbogbo ẹni tó ń tà wọ́n ló mọ̀. Ó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo gíláàsì lóòótọ́, igun kan ló ṣí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti rí i láàárọ̀, ó ti gbẹ bíi pánlá. Ó dá owó ẹja padà, àmọ́ ó ní ₦15,000 ti bá iṣẹ́ lọ. Mo ní kó dá ìdajì rẹ̀ padà. A ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó láyè nílé lè ṣe é fúnra rẹ̀. Gíláàsì lítà 40 tó láti fi ṣe é, páìpù ò wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń wọn bàbà yẹn ló máa gba owó. Èmi ò láyè, iná tiwa ò sì ṣeé gbọ́kàn lé bíi sólà tirẹ̀.

Clownfish ni ẹja méjì tó kù, wọ́n sì wálé ní ìparí oṣù Kẹta. Wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ṣì ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn lára lálẹ́. Ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru wọlé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fara ti káńtà, wọ́n ní, "Wọ́n ti dé láti ìrìn àjò?" Mo ní wọ́n ti dé, mà.

Mo ti sọ fún ọmọkùnrin Tanke pé kó bá mi gbà àyè kan sílẹ̀ fún firefish mìíràn, àmọ́ kó kọ́kọ́ fi hàn mí bó ṣe máa bo gíláàsì. Lánàá ló fi àwòrán ránṣẹ́ sórí WhatsApp: nẹ́ẹ̀tì tuntun, pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ yí i ká. Mo fi ìka fẹ àwòrán náà, mo kà wọ́n. Méjìlá.