Ẹja inú ìkarahun ní Abẹ́òkúta: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Àwọn ẹja kan wà nínú adágún Tanganyika ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ pé inú ìkarahun ìgbín omi tó ti kú ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sá wọ̀ bí ewu bá dé. Ìbátan ẹ̀pìyà tí à ń jẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kéré débi pé táǹkì kékeré nínú pálọ̀ á gbà wọ́n tọmọtọmọ. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó náwó sórí ohun tí wọn ò lò, tó wá gbàgbé ohun tí wọn ò lè ṣe aláìní: ilẹ̀ tó fẹ̀, yanrìn, ìkarahun àti omi tó le, ìyẹn omi tí èròjà bíi ti òkúta ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọjà tí ẹ máa bá pàdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó yọ owó.

Multifasciatus tàbí ocellatus?

Orúkọ méjèèjì gùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, nítorí òun ni ẹni tó ń ta ẹja máa dá mọ̀.

Neolamprologus multifasciatus wà lára àwọn tó kéré jù lọ nínú gbogbo ìdílé ẹ̀pìyà. Akọ rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, abo tún kéré sí i. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára rẹ̀. Bí agboolé ni wọ́n ṣe ń gbé: bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, gbogbo wọn lórí òkìtì ìkarahun kan, kálukú pẹ̀lú yàrá tirẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun á máa yọ láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n wọn láìsí ẹni tó ń lé wọn. Ẹ ra kékeré mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kò pọn dandan kí ẹ mọ akọ yàtọ̀ sí abo, àwọn fúnra wọn á yan ara wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́, ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu kó yanrìn láti àárọ̀ di alẹ́.

Lamprologus ocellatus tóbi díẹ̀ jù ú lọ, akọ rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ó lẹ́wà, pàápàá irú tó ní àwọ̀ góòlù, kò sì mọ ìbẹ̀rù rárá: bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ omi, á wá gé e jẹ. Á ri ìkarahun rẹ̀ mọ́ inú yanrìn títí ẹnu ìkarahun nìkan á fi kù níta. Wàhálà rẹ̀ ni pé kì í gba àlejò. Akọ méjì nínú táǹkì kékeré, ọ̀kan á pa èkejì. Akọ kan pẹ̀lú abo kan tàbí méjì ló tọ́, kí ìkarahun kálukú sì jìnnà síra. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà, ìyá wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn, ìyẹn ni pé ẹ máa ra táǹkì kejì.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, multifasciatus ni kí ó rà. Bí wọ́n bá gbé similis, ìbátan multifasciatus, sí iwájú yín, ìtọ́jú kan náà ni, ìlà tirẹ̀ kàn gun orí dé ẹ̀yìn ojú ni. Ṣùgbọ́n ẹ má kó o pọ̀ mọ́ multifasciatus, kí wọ́n má baà gun ara wọn.

Táǹkì tó gùn tàbí èyí tó ga?

Ibí lowó ti ń ṣòfò jù. Táǹkì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 30, ń gba omi lítà 54. Èyí tó ga ní 60, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 30 sí 30, lítà 54 náà ló ń gbà. Àmọ́ ilẹ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì, ilẹ̀ sì ni ẹja yìí ń gbé. Ẹ ra èyí tó gùn.

Bí agégíláàsì ládùúgbò bá máa bá yín kàn án, ó dára, ó sì máa ń dínwó ju èyí tí wọ́n kó wọlé. Ẹ kàn rí i pé sílíkónì tó fẹ́ lò kì í ṣe irú ti balùwẹ̀ tí wọ́n fi oògùn ebu sí, torí oògùn yẹn ń pa ẹja. Ẹ pọn omi kún un níta fún ọjọ́ méjì kó tó wọlé. Tábìlì tó lágbára ni kí ẹ gbé e lé: omi nìkan ti tó kílò 54, ká má tíì sọ yanrìn.

Asẹ́ onífóòmù tàbí asẹ́ agbékọ́?

Onífóòmù, láìjiyàn. Asẹ́ agbékọ́, èyí tí à ń fi kọ́ etí táǹkì, ń fa ọmọ ẹja àti yanrìn wọlé, bí iná bá sì lọ tó tún dé, ó lè kọ̀ láti fa omi mọ́. Fóòmù tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kò ní ìṣòro yìí. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ní bátìrì nínú, tó ń gba iná sára nígbà tí iná bá wà. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ẹ fi kún ti pọ́ǹpù: omi ìwọ̀n 24 sí 27 °C ni ẹja yìí fẹ́, ooru oṣù kejì àti ìkẹta níbí ni ìṣòro wa, kì í ṣe òtútù. Ẹ gbé táǹkì jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ?

Omi Tanganyika le, pH rẹ̀, òǹkà tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, sì ń lọ sí 9. Orí àpáta bíi ti Olúmọ ni ìlú wa jókòó lé, omi tó sì ń sun láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà le tó. Ẹ fi ọṣẹ wò ó: omi tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ wàràwàrà kò le. Omi kànga tàbí bohólù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọn pH rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní tirẹ̀ ní kiloríìnì. Ẹ da oògùn tó ń pa á sí i. Èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín ni kí ẹ lò, kí ẹ má kàn máa pààrọ̀ orísun rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí omi lè le, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ. Ìkarahun òkun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ fún adìyẹ tó ń yé ẹyin, òun gan-an la fẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́. Òkúta ẹfun bíi ti Ewékorò náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹja tí wọ́n bí sínú táǹkì máa ń ṣe dáadáa bí pH bá dúró láàárín 7.8 sí 8.5, kó dúró lójú kan ló ṣe kókó.

Ìkarahun wo, yanrìn wo?

Ìkarahun ìsáwùrù wà káàkiri, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ há jù, ẹja lè há sí i. Ti ìgbín ńlá tí à ń fi se ọbẹ̀ fẹ̀ jù. Ti ọmọ ìgbín, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ló bá a mu. Bí ẹ bá ń ra ìgbín ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, ẹ bẹ ìyá tó ń tà á kó má fọ́ ọ. Ẹ sè é nílé, ẹ fa ẹran rẹ̀ jáde, ẹ tún ìkarahun sè, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sómi títí òórùn á fi tán. Mẹ́ta fún ẹja kan ni kí ẹ ṣírò fún multifasciatus. Bí kò bá tó, ìjà dé.

Yanrìn odò Ògùn tó kúnná dára ju òkúta aláwọ̀ mèremère lọ, nítorí ẹja ò lè gbẹ́ òkúta. Ẹ jọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ tẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ocellatus fẹ́ kó jìn jù bẹ́ẹ̀.

Kí ẹja tó dé

Ẹ jẹ́ kí táǹkì ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí kòkòrò àìfojúrí tó ń pa amóníà, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja jáde, rẹ́ lè gbilẹ̀ nínú fóòmù. Fóòmù àlòkù láti inú táǹkì tí ara ẹja ibẹ̀ le máa ń mú un yá. Omi láti inú adágún ẹja àrọ̀ kọ́, àrùn ló ń gbé wá. Oúnjẹ kò ṣòro láti rí: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ ni ẹ ti máa rí artemia (irú edé tíntìntín kan) àti oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fún ọmọ àrọ̀. Ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fún wọn.

Bó bá jẹ́ Èkó ni ẹja ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó gba ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ tó ń dúró ní Ládérin, kí ọ̀rá má baà gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nígbà tó bá délé, ẹ máa kán omi táǹkì sínú ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ gbọn ìkarahun tó bá bá wọn wá wò dáadáa kí ẹ tó sọ ọ̀rá nù, torí ẹja lè ṣì wà nínú rẹ̀.