Aràn tí wọ́n fi ń pa slug: mo ti lò ó sí ebè òdòdó mi, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: tó bá jẹ́ inú ilẹ̀ lẹ gbin òdòdó yín sí, tí slug, ìgbín kékeré tí ò ní karahun yẹn, ò sì jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn ẹ̀, ẹ lọ rà á, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìkòkò mẹ́ta mẹ́rin lẹ tò sẹ́yìnkùlé, ẹ fowó yín pamọ́ jàre. Ẹni tó bá ráyè kó ka ìyókù.

Thamesmead là ń gbé, ní London níbí. Orí ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ àdúgbò wa sí láti ìparí 1960s, ilẹ̀ náà ò sì tíì gbàgbé pé àbàtà lòun. Láti March títí wọ May, ṣe ló máa rin gbingbin, amọ̀ ni gbogbo ẹ̀, ibi tí slug sì fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbin dahlia rí mọ nǹkan tí mò ń sọ. Wàá ri iṣu ẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá máa ṣọ́ ọ, ó yọ orí lónìí, inú ẹ dùn, o débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi itọ́ wọn tó ń dán lórí ilẹ̀. Ewé hosta á di ajẹ̀rẹ̀. Lupin, delphinium, marigold, wọn ò mọ èyí tó wọ́n èyí tí ò wọ́n, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Geranium àti fuchsia nìkan ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ lẹ́nu. Ẹ má sì rò pé ìgbín tiwa là ń sọ o, ìgbín tiwa a máa jẹ oko olóko lóòótọ́ àmọ́ o ṣì lè mú un sẹ́bẹ̀, kí lo fẹ́ fi eléyìí ṣe?

Tẹ́lẹ̀, àwọn hóró oògùn búlúù tí wọ́n fi ń pa slug ni gbogbo èèyàn ń dà sílẹ̀. Èyí tó ní kẹ́míkà metaldehyde nínú, ìjọba ti fòfin dè é, láti ìparí March 2022 ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lò ó síta mọ́ ní Great Britain, torí ewu ẹ̀ fún ẹyẹ àti hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Èyí tó kù lórí àtẹ báyìí ni ti ferric phosphate. Kò burú, àmọ́ o ní láti máa wọ́n ọn léraléra, owó sì ni. Ìyá òyìnbó tó múlé tì wá máa ń rọ bíà sínú ike kékeré tó rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè kó sínú ẹ̀ kú sómi, wọ́n ń kú lóòótọ́, àmọ́ tèmi ni pé ta ló fẹ́ máa da bíà tí òkú slug wà nínú ẹ̀ nù láràárọ̀? Àwọn RHS (Royal Horticultural Society) pàápàá, àwọn àgbà nídìí ọ̀rọ̀ ọgbà nílẹ̀ yìí, sọ ní 2022 pé àwọn ò ní máa ka slug mọ́ ajẹnirun mọ́. Kò burú, kí wọ́n wá wo dahlia mi.

Aràn tí mo wá lò yìí, nematode ló ń jẹ́, aràn tíntìntín tójú ò lè rí, àìmọye mílíọ̀nù nínú ọ̀rá kan. Kì í ṣe kẹ́míkà, inú ilẹ̀ níbí náà ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń sìn wọ́n tà ni. Wọ́n á gba ẹ̀yìn wọnú slug, kòkòrò bakitéríà tí wọ́n gbé wọlé ló máa ṣe é lọ́ṣẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan kò ní lè jẹun mọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ á wú, á wọlẹ̀ lọ kú síbẹ̀, àwọn aràn á tún máa bí sí i nínú òkú ẹ̀. Ẹ fọkàn síbẹ̀ yẹn dáadáa: abẹ́ ilẹ̀ ló ń kú sí. Àwọn èèyàn á lò ó tán, wọn ò ní rí òkú kankan, wọ́n á ní jìbìtì ni. Ewé lẹ máa wò, kì í ṣe òkú.

Mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwọn tí mo rà á lọ́wọ́ wọn o, mi ò ní dárúkọ wọn. Nǹkan tó wà láàyè ni, ó ní déètì lára, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló sì máa ń ní, wọn ò wá jẹ́ kí n mú ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kó dé. Wọ́n kàn fi ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù nini, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 5°C, tí ò bá tó bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ṣiṣẹ́. Àfìgbà tí mo bá wọn fa ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ìnáwó ẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, torí agbára ẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, tó o bá fẹ́ kó gbé ẹ dé ìparí summer, o máa rà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Inú fíríìjì lo máa gbé e sí tó bá dé, kì í ṣe fírísà o, fírísà á pa wọ́n. Dádì Ìbejì ṣí fíríìjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rí i, ó kà á, ó ní, "Ìyá Ìbejì, aràn? Aràn lo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ mi?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kò sì lè ṣèèyàn ní nǹkan kan, kò lè ṣajá, kò lè ṣẹyẹ. Kò dáhùn, ó kàn gbé ẹ̀fọ́ ẹ̀ lọ sí àpótí ìsàlẹ̀.

Lílò ẹ̀ ò le àmọ́ ó ní ètò. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, torí oòrùn máa ń pa wọ́n, tójò bá ti rọ̀ ṣáájú ẹ̀ a jẹ́ pé ó bọ́ sí i. Lẹ́búlẹ́bú tútù ló wà nínú ọ̀rá yẹn, wàá pò ó mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wàá rò ó dáadáa, wàá wá máa bù ú sínú agolo ìbomirin. Ẹ yọ orí agolo yẹn tí ihò ẹ̀ bá kéré jù, á dí, ẹ sì máa rò ó lemọ́lemọ́ torí wọ́n máa ń rì sísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ebè àkọ́kọ́ á mu omi lásán, ti ìgbẹ̀yìn á wá kó gbogbo aràn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rá tí mo rà yẹn ń ká ilẹ̀ 40 square metre, ebè mi ò sún mọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe é pín kó o gbé ìyókù pamọ́ tó o bá ti ṣí i, ni mo bá bu èyí tó ṣẹ́ kù fún ìyá oníbíà yẹn. Inú màmá dùn débi pé wọ́n fún mi ní gbòǹgbò lupin.

April ni mo dà á sílẹ̀, ṣáájú kí n tó gbin nǹkan kan, torí mi ò lè gbé dahlia síta kó tó di ìparí May, fróòstì, òtútù òru tó ń di yìnyín, ò ṣe é fọkàn tán. Ìgbà tí dahlia fi máa wọlẹ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Dahlia Bishop of Llandaff tí mo gbìn, èyí tí òdòdó ẹ̀ pupa tí ewé ẹ̀ sì dúdú, ó yọ, ó ga, ewé ẹ̀ dá ṣáká. Marigold tí mo tò sétí ebè ò dín kan. Mo fi iná fóònù wò ó lóru, slug tí mo rí ò ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, ọ̀kan nínú wọn lẹ̀yìn ẹ̀ wú tí ò lè rìn.

Àmọ́ àwọn ìgbín oníkarahun ibí, kò fi bẹ́ẹ̀ ran ìyẹn, torí òkè ni wọ́n ń gbé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀. Àwọn ló ṣì ń jẹ hosta mi tó wà nínú ìkòkò, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n lálẹ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tí mo yọ, ti owó àti ti àwọn oníkarahun yẹn ni. Màá tún rà á ní April tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó máa jẹ́ kí n mú ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ ni màá ti rà á, màmá òyìnbó sì ti ní àwọn máa san ìdajì.