Inú òjò ni mo ti wo ilé àwọn olówó l'Ékòó: Lẹ́kí, Banana Island, Eko Atlantic àti Ìkòyí

Ọdún 31 ni bọ̀dá mi ti lò ní Houston. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Àbúrò, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé o. Bá mi wá ibi tí mo lè gbé l'Ékòó, ibi tí iná ò ti ní máa dà mí láàmú, tí mi ò sì ní máa gun àtẹ̀gùn." Wọ́n ti pé ẹni ọdún 62, orúnkún ọ̀tún wọn sì ti ń fẹ́ ọ̀pá. Owó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti wo fídíò àwọn ilé tó ń dán gbinrin lórí fóònù títí ojú fi ń ro wọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ ara mi débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Láti ọdún 2014 tí mo ti kúrò ní ilé ìwòsàn, ilé àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń tọ́jú wọn, púpọ̀ nínú wọn ní Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kí. Àwọn ọdún kan wà tí mo sùn sí Ìkòyí ju bí mo ṣe sùn sí ilé mi ní Ṣómólú lọ. Mo mọ bí àwọn ilé wọ̀nyí ṣe rí láago mẹ́ta òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, tí ẹni tó wà lórí ibùsùn sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún gbogbo éjéńtì tí mo bá pàdé ni pé mi ò ní wo ilé lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Ọjọ́ òjò ni kí wọ́n máa pè mí. Ọ̀kan rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ìgbà tó rí mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ àti agbòjò lọ́wọ́ ló tó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lẹ́kí Phase 1 ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí owó ibẹ̀ ló rọjú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ni, mílíọ̀nù 14 náírà lọ́dún ni wọ́n pè é. Ilé náà dára. Táìlì rẹ̀ ń dán, ilé ìdáná rẹ̀ fẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ sì gba kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti aago márùn-ún ìdájí ni òjò ti ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí a sì máa fi dé òpópónà ilé yẹn, omi ti bo táyà ọkọ̀ dé ìdajì. Éjéńtì ní, "Mọ́mì, ẹ má dàámú, wákàtí méjì ni, á ti fà." Mo ní ó dáa, a ó dúró. A jókòó sínú ọkọ̀ lórí ibi tó ga díẹ̀, mo ń wo aago. Wákàtí mẹ́rin àti àbọ̀ ló tó fà dé ibi tí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn ti lè gbìyànjú àtikọjá.

Ohun tó ń fà á kò fara sin. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sì ga ju omi ọ̀sà lọ bí alárà. Gọ́tà á gbé omi lọ sínú kánáálì, kánáálì á gbé e lọ sínú ọ̀sà. Tí òkun bá wá kún, tí ọ̀sà náà sì kún, omi òjò kò ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́, àfi kó dúró lójú títì. Ẹlòmíràn ti kọ́gbá lé kánáálì lórí, ẹlòmíràn ti kó yanrìn dí i. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀, ṣáláńgá ilé kọ̀ọ̀kan á máa pò mọ́ ọn. Ẹ bá mi ro ohun tó wà nínú omi tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe ìtàn ni wọ́n sọ fún mi. Nígbà tí omi bo Lẹ́kí àti Victoria Island nínú oṣù keje ọdún 2017, mò ń tọ́jú bàbá ẹni ọdún 81 kan ní Lẹ́kí. Èémí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ọkọ̀ aláìsàn dé ìkòríta, kò lè wọlé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ló gbé bàbá lórí àga onígi, omi mu wọn dé itan, mo gbé gáàsì èémí lé èjìká tẹ̀ lé wọn, títí a fi dé ojú títì ńlá. Bàbá yè é, a dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pè mí wo ilé fún àgbàlagbà, ibi tí ọkọ̀ aláìsàn máa gbà wọlé ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó gbójú sókè wo àjà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Màrókó, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island nígbà náà, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún 17 ni mí nínú oṣù keje ọdún 1990 nígbà tí ìjọba ológun kó katapílà wá. Wọ́n ní ilẹ̀ wa rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé omi yóò gbé wa lọ lọ́jọ́ kan. Iye tí ọ̀pọ̀ ń kà fún àwọn tí wọ́n lé jáde tó 300,000. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Ilásàn àti Ìkọ̀tá, sínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Àwa lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ajégúnlẹ̀, ènìyàn mọ́kànlá nínú yàrá kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ yanrìn sórí ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n pín in. Oníru Estate wà lórí rẹ̀ lónìí, apá kan Lẹ́kí Phase 1 náà sì wà níbẹ̀. Mi ò bá ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí jà, àwọn kọ́ ló lé wa. Àmọ́ omi tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá nígbà náà kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ san mílíọ̀nù 14 ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé Lẹ́kí. Àwọn òpópónà kan ga díẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ kíá. Ẹ má bi éjéńtì. Ẹ bi ìyá tó ń din àkàrà ní ìkòríta, ẹ bi ẹni tó ń lẹ táyà. Wọ́n mọ ibi tí omi ń dé, wọ́n á sì fi ọwọ́ hàn yín lára ògiri. Ẹ tún bu omi ẹ̀rọ sínú ike funfun, kí ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ti ilé tí mo wò yẹn pọ́n bí ìpẹtà irin ní ìsàlẹ̀ ike náà. Aṣọ nọ́ọ̀sì ò lè funfun níbẹ̀.

Banana Island yàtọ̀ pátápátá. Inú ọ̀sà ni wọ́n ti rọ yanrìn jọ títí ó fi di erékùṣù, létí Ìkòyí, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni wáyà iná ń gbà, ẹ ò ní rí òpó kan tó fì sọ́tùn-ún sósì. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n láàrin ogún ìṣẹ́jú ojú ọ̀nà ti gbẹ. Mo dúró níbẹ̀, mo kàn ń gbọ́ ẹyẹ. L'Ékòó! Inú mi dùn sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Owó dọ́là ni wọ́n fi pe ilé. Service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé àti àyíká tí wọ́n ń gbà lọ́dún níbẹ̀, ju owó ilé mi ní Ṣómólú lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Èyí tó jẹ mí lọ́kàn jù kì í ṣe owó. Kò sí ẹni tí bọ̀dá mi máa bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ ra búrẹ́dì, ọkọ̀ ni. Ẹni tó ti dá gbé fún ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí ìyàwó ti kú, tó ń bọ̀ nílé nítorí kó lè gbọ́ "ẹ káàárọ̀ sà", ṣé inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mìíràn ni ká tún gbé e sí?

Ẹ wò bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì pẹ̀lú, níbikíbi tí ẹ bá fẹ́ gbé. Ní ẹsitéètì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n dá mi dúró fún àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú oòrùn pẹ̀lú insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, nínú kúlà, nítorí pé nọ́ńbà ìwọlé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ti kú, ìyá tí mò ń lọ tọ́jú ò sì mọ fóònù tẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ṣọ́ kan rí yìnyín inú kúlà tó ti ń di omi, kò ṣí ilẹ̀kùn. Bí nọ́ọ̀sì kò bá lè wọlé kíá, ẹni tó wà nínú ilé kò ní ààbò, bó ti wù kí ògiri ga tó.

Eko Atlantic ni ìkẹta. Ibi tí Bar Beach wà nígbà èwe wa ni. Bọ̀dá mi ló máa ń dì mí lọ́wọ́ mú lọ síbẹ̀ lọ́dún Àjíǹde. Odi òkúta tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ló dá yanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró. Ọdọọdún ni òkun wá ń bu etíkun náà jẹ, títí omi fi ń dà bo Ahmadu Bello Way ní Victoria Island. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ yanrìn padà ní ọdún 2009, wọ́n sì ń fi òkúta àti kọnkéré ńláńlá mọ odi tí wọ́n pète pé kó gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àtààbọ̀. Gọ́tà ibẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo ibi tí mo dé. Títì fẹ̀, iná tiwọn ni wọ́n ń lò, Amẹ́ríkà náà sì ń kọ́ ọ́fíìsì kọ́ńsúlù tuntun wọn síbẹ̀, èyí tó wúlò fún bọ̀dá mi tó ní ìwé Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ilé gogoro ni gbogbo rẹ̀. Ilé tí wọ́n mú mi lọ wà ní àjà kẹtàdínlógún, orúnkún bọ̀dá mi ò sì gbọdọ̀ gbára lé lífíìtì kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ̀fúùfù ń hó bí ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ará Òkun Alfa, abúlé etíkun kan ní apá ìlà-oòrùn, sì ń ké pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń mọ odi yẹn ni òkun ti túbọ̀ ń wọlé tọ àwọn wá. Èmi tí wọ́n ti fi omi lé kúrò nílé rí kò lè gbójú kúrò lára ìyẹn.

Ìkòyí àtijọ́ ni mo wá mú. Àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn ti mọ̀ ọ́n ní ibi gíga tó tura, wọ́n sì pa á mọ́ fún ara wọn. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi Macgregor láàrin rẹ̀ àti Erékùṣù Èkó (Lagos Island) láti fa omi irà. Ìyẹn ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló gbẹ o, omi ń dúró ní ẹsitéètì Parkview àti Dolphin. Wọ́n sì ń wó àwọn ilé àtijọ́ tó ní ọgbà ńlá, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń gbé ilé gogoro dìde. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé gogoro kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road wó lulẹ̀, ènìyàn tó ju 40 lọ ló kú. Nítorí náà mo sọ fún éjéńtì pé ilé tó bá kéré sí ọdún mẹ́wàá, kó má wulẹ̀ pè mí.

Èyí tó mú mi lọ wò wà ní òpópónà kékeré kan tó já sí Glover Road. Alájà mẹ́rin ni, fúláàtì tó ṣófo wà ní àjà kìíní, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún péré bí lífíìtì bá kọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà igi fúrúùtù kan wà nínú ọgbà, máìgádì gbé bẹ́ǹṣì sí abẹ́ rẹ̀. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi lójú títì, ó sì fà láàrin ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Band A ni iná wọn, ìyẹn ìpele tó yẹ kí iná máa wà fún ogún wákàtí lójúmọ́, wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Láti ibẹ̀ dé Ọbalẹ́ńdé kò jìnnà, níbi tí èèyàn ti lè rí ẹja tútù, ata, àti ẹni tí yóò bi í pé "ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà ni?"

Mílíọ̀nù 38 náírà lọ́dún ni, ọdún méjì ni wọ́n sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ mọ èyí dájú: òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011, tó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹnu yín àti ti lọ́yà yín ni ẹ ó fi dúnàádúrà níbẹ̀. Éjéńtì ń béèrè ìdá mẹ́wàá, lọ́yà onílé náà ìdá mẹ́wàá. Mo ní kí wọ́n kó ìṣirò service charge ọdún méjì sẹ́yìn jáde kí n rí iye owó tí epo dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ń jẹ. Wọ́n lọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n kó o jáde.

A kò tíì sanwó. Mo sọ fún bọ̀dá mi pé kí wọ́n fún mi láyè kí òjò oṣù kẹwàá rọ̀ lórí ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ Màrókó." Mo ti gba nọ́ńbà máìgádì. Ó ṣèlérí pé alẹ́ tí òjò ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀, òun yóò pè mí, aago yòówù kó lù.