Ìwé ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright yìí dáa o, àmọ́ Katharine àbúrò wọn obìnrin dà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ìwé ìtàn ìgbésí ayé fún ọmọ ọdún 8 sí 11, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọ̀kan tán lórí Wilbur àti Orville Wright, àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi bàálù tó ní ẹ́ńjìnnì fò tí wọ́n sì ń darí ẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣe bíi tàwọn tó máa ń sọ pé ọpọlọ àwọn yìí ti yàtọ̀ látinú oyún, pé wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni bàálù sì gbéra. Iṣẹ́ ló fi hàn wá, iṣẹ́ ńlá.

Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ohun ìṣeré tó ń fò tí bàbá wọn mú wálé lọ́dún 1878, ọparun àti bébà tí rọ́bà ń yí, ó sì mẹ́nu ba ìyá wọn Susan pé òun gan-an ló mọ irinṣẹ́ lò nílé, lẹ́yìn náà ló wá kan ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Gbogbo ìyẹn ò pẹ́.

Ibi tó dùn jù ni 1901. Glider, ìyẹn bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì tí atẹ́gùn ń gbé, tí wọ́n gbé lọ sétíkun North Carolina kò gbéra bí ìṣirò ṣe sọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò Otto Lilienthal ni wọ́n tẹ̀ lé o, ará Jámánì tí glider já lulẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ tó sì kú lọ́dún 1896. Wọ́n bá padà sílé, wọ́n kan àpótí gígùn kan, wọ́n fi fáànù fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, wọ́n wá ń dán ìyẹ́ kéékèèké wò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tó bíi 200 oríṣi. Ìwé yìí ya àpótí yẹn ní ojú ewé méjì, ó fi àmì tọ́ka ibi tí atẹ́gùn ń gbà, kódà èmi àgbà, ibẹ̀ ló ti yé mi wàyí.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903 náà, ó sọ ọ́ dáadáa. Wilbur ló jẹ nígbà tí wọ́n ju owó ẹyọ ní ọjọ́ 14 láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ fò, ó gòkè, ó kọ orí bàálù sókè jù, ó já lulẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ó wá kan Orville: ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹsẹ̀ bàtà 120. Ìyẹ́ Boeing 747 láti òpin kan dé èkejì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ìgbà kẹrin lọ́jọ́ yẹn ni Wilbur wá lo ìṣẹ́jú àáyá 59, ó lọ ẹsẹ̀ bàtà 852.

Ẹjọ́ tí mo ní rèé. Charlie Taylor, mẹkáníìkì ṣọ́ọ̀bù wọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìlà kan péré ni wọ́n fún un. Ṣé bàálù ọdún 1903 yẹn ì bá fò bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì ni? Katharine àbúrò wọn obìnrin burú jù, fọ́tò kan ló ní, kò sọ̀rọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Tíṣà ni obìnrin yìí o! Nígbà tí bàálù Orville já ní Fort Myer, ibùdó àwọn sójà Amẹ́ríkà, lóṣù Kẹsàn-án 1908, tí sójà tó gbé, Thomas Selfridge, kú, tẹsẹ̀ Orville sì kán, Katharine ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tọ́jú ẹ̀ lọ́sìbítù. Ìwé yìí fo gbogbo ẹ̀, láti 1903 ó kàn bẹ́ lọ sí Faransé níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún Wilbur. Ó jọ pé wọn ò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ikú Lilienthal tẹ́lẹ̀, kí ló wá dé?

Lẹ́tà ìsàlẹ̀ àwọn àwòrán tún kéré jù, ẹ máa nílò iná dáadáa.

Ẹ rà á jàre. Tẹ́ ẹ bá dé ibi Faransé yẹn, ẹ pa ìwé dé ná, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ti Katharine fún wọn.