ImgBurn àti fáìlì ISO: bí mo ṣe ń kó àwo fíìmù sínú kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ń tà báyìí kò ní ibi tí èèyàn lè ti àwo bọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwo fíìmù ṣì kún ilé. Èyí tó ká mi lára jù nínú tèmi ni àwọn DVD ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí tí ayàwòrán fún wa, torí kò síbi tí a ti lè rí wọn rà bí wọ́n bá bàjẹ́. ImgBurn, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi ń kó wọn pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni, Windows ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ti dàgbà: 2.5.8.0 tó jáde lọ́dún 2013 ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ò wuni, àmọ́ iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ń jẹ́.

Àwọn kan á ní ṣebí èèyàn lè ṣí àwo náà, kó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Nínú fódà VIDEO_TS, wàá bá àwọn fáìlì VOB tí wọ́n gé fíìmù náà sí, tí ọ̀kankan wọn kì í ju 1 GB lọ. Wàá tún bá àwọn IFO tó ń júwe ibi tí mẹ́nù wà àti ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, àti BUP tó jẹ́ ẹ̀dà IFO, bí èyí bá lọ bàjẹ́. Kí ọ̀kan ṣáà ti ṣáko nínú wọn, wàhálà dé. ISO ò bá ìyẹn lọ. Ṣe ló ń da àwo kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sector (ìyẹn ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n pín àwo sí) kan tẹ̀lé òmíràn, 2,048 byte nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ á di fáìlì kan ṣoṣo. Mẹ́nù ò sọnù, èdè kejì ò sọnù, ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù náà wà níbẹ̀. MP4 kéré jù ú lọ, ó sì ṣeé wò lórí fóònù, n ò jiyàn, àmọ́ mẹ́nù ti lọ nìyẹn, àwòrán náà ò sì ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Tí o bá ṣí ImgBurn, àwòrán mẹ́fà gàgàrà ni wàá rí. Èyí tí wọ́n kọ "Create image file from disc" sí ni kí o tẹ̀. Lápá ọ̀tún, á kọ irú àwo tó jẹ́ àti iye sector tó wà nínú rẹ̀; bó bá jẹ́ onípele méjì, á kọ ibi tí ìpele kìíní parí sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá àwo 4.7 GB ni mo fẹ́ gbà tàbí ti 8.5 GB, kí n tó lọ wo àyè tó kù nínú háàdì díìsìkì. Yan ibi tí fáìlì náà á wà, tẹ àwòrán ńlá tó wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á kọ́kọ́ máa falẹ̀, má bínú sí i: àárín ni DVD ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì ṣe ń sún lọ sí etí ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tó bá parí, á kọ orin kékeré kan tó lè ta èèyàn jí lójú oorun.

Àwo tó ti ha ni ọ̀rọ̀ wà. ImgBurn á padà sí ojú kan náà, á gbìyànjú, á tún gbìyànjú, kó tó gbé ìkìlọ̀ síwájú rẹ. O lè ní kó fo ibẹ̀, àmọ́ fíìmù náà á fò tó bá débẹ̀. Kí o tó gbà fún un, yọ àwo náà, kí o fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún láti àárín lọ sí etí ní tààrà. Má yí ọwọ́ po bí ẹni ń fọ abọ́, torí ìlà tó bá tẹ̀lé yíyípo àwo ló ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ jù. Bí kò bá gbọ́, wá dírááfù mìíràn. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu bí àwo tí dírááfù kan kọ̀ jálẹ̀ ṣe ń gba inú òmíràn kọjá wẹ́rẹ́. Èyí tó bá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ddrescue, ètò tó ń kó ohun tó kù lórí àwo tó bàjẹ́, lórí Linux ni mo ń gbé e fún. Ọgbọ́n tirẹ̀ jinlẹ̀: ibi tó dára ló ń kọ́kọ́ kó, á fi ibi tó bàjẹ́ sẹ́yìn, á sì máa kọ gbogbo bó ṣe ń lọ sínú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ mapfile. O lè dá a dúró lónìí, kí o ti àwo náà bọ dírááfù mìíràn lọ́la, kó jẹ́ pé ihò tó ṣẹ́kù nìkan ló máa padà sí. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni èèyàn ń tẹ̀ sí i, kò sí bọ́tìnì, ìyẹn sì ń lé àwọn kan sá.

Fíláàṣì tí wọ́n ṣètò sí FAT32 ò lè gba fáìlì kan tó tó 4 GB, bó ti wù kí àyè kù nínú rẹ̀ tó. exFAT tàbí NTFS ni kó wà. VCD náà tún yàtọ̀: bí wọ́n ṣe to sector rẹ̀ ò bá ISO mu, torí náà fáìlì méjì, BIN tó gbé ohun tó wà nínú àwo pẹ̀lú CUE tó ń júwe bí wọ́n ṣe tò ó, ni ImgBurn máa fún ọ. Má torí pé CUE kéré kí o pa á rẹ́.

Má sì retí pé á bá ọ tú ààbò. Ọ̀pọ̀ DVD fíìmù tí wọ́n ń tà ló ní CSS lára, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí èèyàn dà wọ́n kọ. Ohun tí ImgBurn máa kọ sójú ni "Read of Scrambled Sector Without Authentication", ó pin síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin DMCA ti ọdún 1998 ka títú irú ààbò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Wo ohun tí òfin ibi tí o wà sọ. Àwọn tí mo gbà lọ́wọ́ ayàwòrán ò ní ìdènà kankan.

Ní ti ká lo ISO bí ẹni ń lo àwo gidi, ó ti rọrùn gan-an. Láti ìgbà Windows 8 lọ́dún 2012, èèyàn ò nílò ètò mìíràn mọ́: tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí o fi bọ́tìnì ọ̀tún yan Mount, dírááfù tuntun á yọ nínú This PC. Eject la fi ń yọ ọ́. Bí o ò bá rí Mount, ètò mìíràn ló ti gba ISO mọ́wọ́. Lọ sí Open with, kí o yan Windows Explorer. Tí o bá pa kọ̀ǹpútà tí o tún un tàn, dírááfù náà á ti lọ. WinCDEmu, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, lè jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ bí o bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba irú fáìlì àwo mìíràn bíi CUE, NRG àti MDS tí Windows ò mọ̀ rí.

Ohun tó ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé dírááfù yọ, fíìmù ò ṣí. Láti Windows 8 yẹn náà ni Windows Media Player ò ti ka DVD mọ́. Gbé VLC, ètò kan tó ń ṣí fíìmù, sórí ẹ̀rọ rẹ. Kò tiẹ̀ nílò kí o tẹ Mount rárá: fa ISO náà jù sínú rẹ̀, mẹ́nù á jáde.

Kí o tó fi àwo náà fún ọmọdé ṣeré, padà sínú ImgBurn kí o tẹ Verify. Á fi fáìlì wé àwo, sector kan lẹ́yìn òmíràn. Àkókò tó ń gbà ò kéré, nítorí náà àwọn tí kò ní ẹ̀dà kejì níbikíbi nìkan ni mo ń ṣe é fún.