Ìwé Wo Ni Kí Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Òfin Kọ́kọ́ Rà? Ìfiwéra fún Àwọn Òbí àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Èkìtì

Bí orúkọ ọmọ bá ti jáde pé wọ́n gbà á láti kọ́ òfin, yálà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Afe Babalola tàbí ní Yunifásítì Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi ka orúkọ ìwé márùn-ún mẹ́fà sílẹ̀ fún òbí rẹ̀. Ẹ má tíì ná gbogbo owó tán. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà, Law School, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ láti di amòfin, ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé kan tó la ètò òfin ilẹ̀ wa yé ọmọ dáadáa ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni bí ìwé ṣe nípọn tó. Wọ́n á gbé e lọ́wọ́, wọ́n á ní èyí wúwo, èyí ló dáa. Ojú ewé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.

Ìwé tí ọmọ ilẹ̀ wa kọ

Èyí tí àwọn amòfin àgbà mọ̀ bí ẹni mowó ni The Nigerian Legal System tí A. O. Obilade kọ, tó jáde ní 1979. Ó ṣàlàyé yékéyéké bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bí ilé-ẹjọ́ kan ṣe ga ju òmíràn lọ, àti ibi tí òfin ìbílẹ̀ dúró sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti kà á ní láíbìrì. Àmọ́ kí wọ́n má fi òun nìkan bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde, ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò sí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì gan-an kò sí, 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Àwọn ìwé tuntun lórí kókó yìí pọ̀ lórí àtẹ, wọn kò sì dọ́gba. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti pín agbára láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe 2023 sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná mànàmáná kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé, Èkìtì sì wà lára àwọn tó tètè lo àǹfààní náà. Ìwé tó bá ṣì ń sọ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti àná.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó sọ nípa ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Gbogbo wọn ló máa kọ ọ́ pé òfin gbogboogbò tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tó ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ náà, di òfin níbí. Àwọn kan á dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1959, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀, fòpin sí agbára àwọn òfin wọ̀nyẹn, ó sì tún èyí tó wúlò nínú wọn ṣe gẹ́gẹ́ bí òfin tirẹ̀. Ìwé tí kò bá mẹ́nu kan èyí kò sọ̀rọ̀ dé ilẹ̀ Èkìtì.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ẹ wá a nínú àkójọ orúkọ ẹjọ́, kí ẹ ṣí ojú ewé náà níbi tí ẹ dúró sí. Bàbá kan kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀ ni, kí ìpín dọ́gba fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, àbí orí-ò-jorí, kí ìpín dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá ayé òde òní mu mọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa nígbà náà yí i padà ní 1958, Privy Council ní London, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn láti ilẹ̀ wa nígbà náà, sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Ìwé tó dára á sọ ìtàn yìí, á sọ èrò adájọ́ kọ̀ọ̀kan, á sì ṣàlàyé ohun tí ilé-ẹjọ́ ń wò kó tó sọ pé àṣà kan burú jù láti lò. Èyí tí kò dára á ju orúkọ ẹjọ́ náà sílẹ̀ ní ìlà kan, á kọjá lọ. Ọmọ á há a sórí, kò ní mọ ohun tó há.

Ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Learning the Law tí Glanville Williams kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1945 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Kò mọ nǹkan kan nípa ilé-ẹjọ́ wa, kò sì ní kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wá ẹjọ́ nínú Nigerian Weekly Law Reports, àkójọ ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ wa tí amòfin Gani Fawehinmi dá sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni bí a ṣe ń ka ẹjọ́: ìdí pàtàkì tí adájọ́ fi dájọ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó kàn sọ lọ́nà. Ó tún ń kọ́ni bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè ìdánwò tó wá bí ìtàn. Apá yìí dára ju ti ọ̀pọ̀ ìwé wa lọ. Nítorí pé ọgbọ́n ìkàwé kì í tètè gbó, àlòkù rẹ̀ ti tó. Ti Nàìjíríà ni kí ẹ náwó sí ní tuntun.

Háńdáàtì àti fọ́tókọ́pì

Háńdáàtì lẹ́kíṣọ̀rà wúlò fún ìdánwò, torí ó ń fi ibi tó tẹnu mọ́ hàn. Kò lè rọ́pò ìwé. Fọ́tókọ́pì odindi ìwé ní tirẹ̀ rú Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé 2022, kò sì yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ di amòfin máa rà.

Bí owó bá tó ìwé kan ṣoṣo, ẹ ra ti Nàìjíríà tó yege nínú àyẹ̀wò mẹ́ta òkè yìí. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi kún un kí ẹ ra ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ti fi àtúnṣe 2023 sí. Kí ẹ tó san owó, ẹ ṣí i wò bóyá àtúnṣe náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí àwọn tí kò ní in ṣì wà lọ́jà.